Ìdáhùn Tí Mo Fi Pamọ́ Fún Iye

Ohun tó kọ́kọ́ dà mí láàmú nígbà tí mo dé ìlú òyìnbó kì í ṣe òtútù. Wọ́n ti fi òtútù dẹ́rù bà mí tó kí n tó kúrò nílé. Oòrùn ni. Oṣù kọkànlá ni mo dé ìlú kékeré kan ní apá àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, oòrùn sì ń wọ̀ láago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ bí ẹni tí wọ́n ń lé. Nílé wa ní Kàbbà, ọjọ́ Jímọ̀ ni ọjọ́ ààwẹ̀ láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, òfin rẹ̀ kò sì ṣòro: kò sí oúnjẹ, kò sí omi, títí oòrùn yóò fi wọ̀. Jímọ̀ àkọ́kọ́ tí mo gbààwẹ̀ lọ́hùn-ún, mo yọjú lójú fèrèsé, ilẹ̀ ti ṣú, aago mẹ́rin ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá. Mo jẹun, mo ń fi ara mi rẹ́rìn-ín, mo ní ààwẹ̀ ọ̀fẹ́ rèé. Nígbà tó wá di oṣù kẹfà, oòrùn kan náà jókòó sójú ọ̀run títí dé nǹkan bí aago mẹ́wàá, ẹ̀rín sì pa rẹ́ lẹ́nu mi.

Mo pe Iye lórí fóònù. Iye ni à ń pe ìyá ní ọ̀dọ̀ wa, "okun" sì ni a fi ń kí ara wa.

"Iye, okun o."

"Okun, ọmọ mi. Ṣé ara le?"

"Ara le, Iye. Oòrùn ibí ló fẹ́ fi ebi pa mí."

Mo ṣàlàyé fún un. Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e.

"Ta ló ní kí o máa wo oòrùn wọn?" ó bi mí. "Oòrùn Kàbbà ni kí o máa lò. Òun ló mọ̀ ọ́ láti kékeré."

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, bí oòrùn bá ti wọ̀ lẹ́yìn òkè ní Kàbbà, Iye á fíláàṣì mi lẹ́ẹ̀kan, èmi náà á sì lọ wá nǹkan fi sẹ́nu. Mo lè wà nínú bọ́ọ̀sì nígbà náà, mo lè wà níbi iṣẹ́ tí mo ń ká aṣọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ. Fóònù á dún lẹ́ẹ̀kan, á dákẹ́, inú mi á sì dùn.

Ọdún mẹ́tàlélógún ni Iye fi dáná fún àwọn ọmọ ilé ìwé tó ń gbé inú ọgbà, kí ó tó fẹ̀yìn tì. Bóyá ìyẹn ló jẹ́ kí ààwẹ̀ tirẹ̀ yàtọ̀. Lọ́jọ́ ààwẹ̀, kì í jẹ́ kí iná ilé kú. Á dáná bó ti ń dá a lójoojúmọ́, á bu oúnjẹ oníkálukú wa sínú abọ́, á sì ní kí a gbé e jáde kó tó tutù. Opó kan wà lẹ́yìnkùlé wa tó máa ń gba tèmi. Bí a bá ń ráhùn pé kí ó tọ́jú rẹ̀ fún wa di ìrọ̀lẹ́, á ní, "Ààwẹ̀ tí oúnjẹ rẹ̀ wà nínú kúlà tó ń dúró dè ọ́, ààwẹ̀ wo nìyẹn? O kàn sún oúnjẹ síwájú ni."

Nígbà tí dókítà sọ fún un pé ó ní àtọ̀gbẹ, tí wọ́n ní oògùn rẹ̀ kì í ṣe èyí tí ènìyàn ń lò láìjẹun, èmi àti Dúpẹ́ àbúrò mi jókòó tì í, a sì bẹ̀ ẹ́. Ó ṣèlérí fún wa pé òun yóò máa jẹun láàárọ̀ kí òun tó lo oògùn, ọjọ́ Jímọ̀ pàápàá, pé àdúrà nìkan ni òun yóò máa fi tẹ̀lé wa dé ìrọ̀lẹ́. A gbà á gbọ́. Iye kì í parọ́.

Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo ti rí iṣẹ́. Èmi tí mo ti ń kọ́ni ní ìṣirò, tí àwọn ọmọ ń sá fún ní Kàbbà, mo wá ń wẹ̀ fún àgbàlagbà, mo ń fi ṣíbí bọ́ wọn. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, mo sunkún ní ilé ìwẹ̀ àwọn òṣìṣẹ́. Kì í ṣe pé iṣẹ́ náà kò níyì. Kò sí ẹni tó mọ̀ mí níbẹ̀ ni. Bí mo bá kọjá, kò sí ẹni tó ń sọ pé ọmọ Iye báyìí rèé.

Ní Jímọ̀ àkọ́kọ́ lẹ́nu iṣẹ́ yẹn, mo se ìrẹsì bí Iye ti kọ́ mi, mo sì gbé e fún Ṣílà, obìnrin òyìnbó kan tó ti fẹ́ tó Iye lọ́jọ́ orí, tí a jọ ń ṣiṣẹ́. Ó wo abọ́, ó wò mí.

"Kí lo fẹ́ kí n bá ọ ṣe?" ó bi mí. Ó rò pé mo fẹ́ kó gba iṣẹ́ ọjọ́ Àìkú mi ṣe.

Mo ní n kò fẹ́ nǹkan kan. Ó ní kí ni èmi fẹ́ jẹ. Mo ní ebi kò pa mí. Ó jẹ ẹ́, ata sì mú un débi pé omi bọ́ lójú rẹ̀. Ní Jímọ̀ kejì, mo tún gbé òmíràn fún un. Nígbà tí mo fi máa ṣí àpótí tí mo ń kó ẹrù mi sí, mo bá búrẹ́dì ẹlẹ́yin, bisikíìtì, ọsàn, àti ọbẹ̀ inú agolo mẹ́ta níbẹ̀. Ṣílà ti lọ sọ fún gbogbo wọn pé ọmọbìnrin tuntun yìí kò ní ju abọ́ oúnjẹ kan lọ láyé, ó sì tún ń fi ta èèyàn lọ́rẹ.

Ó di dandan kí n ṣàlàyé. Mo ní, "Ààwẹ̀ ni mo ń gbà."

"Omi pàápàá?"

"Omi pàápàá."

Ó káàánú mi gan-an. "Kí lo ṣe tí wọ́n fi ń fìyà jẹ ọ́?"

Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti bi mí ní ìbéèrè tó mú mi ronú bẹ́ẹ̀. N kò mọ bí mo ṣe máa sọ fún un pé kì í ṣe ìyà. Ní ilé wa, ebi ọjọ́ Jímọ̀ kì í ṣe ti òṣì, bẹ́ẹ̀ ni a kì í fi í fa Ọlọ́run láṣọ pé dandan ni kó dáhùn. A máa ń fi ọjọ́ kan ṣoṣo nínú ọ̀sẹ̀ rán ara wa létí pé ẹnì kan ló ń bọ́ wa, àti pé ẹlòmíràn wà tí kò tíì jẹun. Mo gbìyànjú, mo sọ ọ́ pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì mi. Ṣílà tí kì í lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì rárá mi orí. Láti ọ̀sẹ̀ yẹn ló ti ń gba ìrẹsì mi lọ́jọ́ Jímọ̀ láìjanpata, òun náà á sì gbé oúnjẹ tirẹ̀ fún ọkùnrin tó ń nu ilẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run nítorí obìnrin yẹn. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ tó pe orúkọ mi dáadáa níbẹ̀.

Ní ìjọ tí mo ń lọ, nígbà tí àkókò Lẹ́ńtì dé, obìnrin kan dìde, ó ní òun ti fi ṣokoléètì sílẹ̀ fún ogójì ọjọ́. Mo fi ọwọ́ bo ẹnu, mo rẹ́rìn-ín. Mo ní bí Iye bá gbọ́ èyí, á dákú. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni mo gbọ́ pé ọkọ obìnrin yẹn ló máa ń rà á wá fún un, ọkọ náà sì ti kú. Ojú tì mí. Kò sí ẹni tó lè fi ojú lásán wọn ààwẹ̀ ẹlòmíràn. Èmi tí mo mọ èyí lọ́jọ́ náà, ó yẹ kí n ti bi Iye nípa tirẹ̀.

Ẹ̀kọ́ ni mo bá wá sí ilẹ̀ náà. Lẹ́yìn tí mo parí rẹ̀, ọdún méjì ni wọ́n fún mi láti fi ṣiṣẹ́, ilé ìtọ́jú náà kò sì gbà mí ju fún ìgbà díẹ̀ lọ. Bí ọdún méjì bá pé tí agbanisíṣẹ́ kan kò dúró fún mi lọ́dọ̀ ìjọba, kí n palẹ̀ ẹrù mi mọ́ ni. Ipò mi nílé ìwé ní Kàbbà, ẹlòmíràn ti jókòó sí i. Nígbà tó ku oṣù mẹ́jọ, mo pe Iye lọ́jọ́ Àìkú kan, mo sì bú sẹ́kún kí n tó sọ gbólóhùn méjì.

Iye jẹ́ kí n sunkún tó. Lẹ́yìn náà ó ní, "Tò. Mo ti gbọ́. Nu ojú rẹ. Èmi àti Ọlọ́run yóò jọ sọ ọ́."

N kò bi í pé báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ sọ ọ́.

Oṣù méjì lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀gá ilé ìtọ́jú pè mí wọ ọ́fíìsì. Mo rò pé mo ti ṣẹ̀. Ó ní àwọn ará ilé náà fẹ́ràn mi, ó ní Ṣílà ti yọ òun lẹ́nu títí, ó ní wọ́n ti pinnu láti gbà mí pátápátá kí wọ́n sì dúró fún mi lọ́dọ̀ ìjọba. Ó fi lẹ́tà lé mi lọ́wọ́. Mo lọ sí ilé ìwẹ̀ tí mo ti sunkún lọ́jọ́sí, mo kúnlẹ̀ lórí ilẹ̀ tútù, mo dúpẹ́ títí orúnkún fi ń ro mí.

Ṣé ẹ wá rò pé mo pe Iye? N kò pè é.

Ẹni tó bá jẹ́ ọmọ ilé wa yóò mọ ìdí rẹ̀. Gbogbo aṣọ kọ́ là ń sá lóòrùn. Mo rántí ọkùnrin ará Ìffẹ̀ kan, nítòsí Kàbbà, tó ti ṣe ìdúpẹ́ ìrìnàjò rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, tó ti pín bàtà rẹ̀ fún àwọn àbúrò, tí wọ́n sì dá a padà ní pápá ọkọ̀ òfuurufú. Títí di òní, bí ó bá ń kọjá, àwọn èèyàn ń bi í pé ìgbà wo ló dé. Mo ní kí ìwé ìjọba kọ́kọ́ wọ ọwọ́ mi. Mo ní bí mo bá sọ fún Iye, inú dídùn kò ní jẹ́ kó pa á mọ́, á sọ fún ẹgbẹ́ obìnrin, ẹgbẹ́ obìnrin á sọ fún ọjà. Ìwé ìjọba náà ń falẹ̀. Ní gbogbo ọjọ́ Àìkú, Iye á bi mí pé, "Kò tíì sí ìròyìn?" Èmi á fèsì pé, "Ẹ ṣáà máa bá mi gbàdúrà, Iye." Mo rò pé mo gbọ́n, pé n kò sì parọ́.

Ọjọ́rú kan ni Dúpẹ́ pè mí níbi iṣẹ́, lọ́sàn-án gangan. Dúpẹ́ ń kọ́ni ní Ògìdì, ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀ ló máa ń wálé wá bá Iye. Kì í pè mí lọ́sàn-án.

"Àǹtí mi, ẹ má jáyà o. Iye ṣubú."

Ìyá Ràmátù, aládùúgbò wa, ló bá a nílẹ̀ lẹ́bàá kànga, tí ara rẹ̀ tutù tí òógùn sì bò ó. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ṣúgà ara rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ pátápátá, ó lo oògùn láìjẹun. Wọ́n ti fa omi sí i lára, ó ti lajú, dókítà sì ní kó jẹun lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

"Kò fẹ́ jẹun," Dúpẹ́ wí. "Ó ní oòrùn kò tíì wọ̀. Àǹtí mi, Jímọ̀ nìkan kọ́ o. Ìyá Ràmátù ló tú àṣírí rẹ̀. Ọjọ́ Ajé, Ọjọ́rú, Jímọ̀, láti ọjọ́ tí ẹ sunkún lórí fóònù yẹn. Ó jẹ́jẹ̀ẹ́ pé òun kò ní dá a dúró àfi lọ́jọ́ tí ẹ bá fi ẹnu ara yín sọ fún òun pé Ọlọ́run ti ṣe é. Ìyá Ràmátù ló ń gbé oúnjẹ rẹ̀ fún. Dókítà ní bí èyí bá tún ṣẹlẹ̀ tí kò sí èèyàn nítòsí..."

Mo fi ẹ̀yìn ti ògiri. Lẹ́tà ti wà lábẹ́ ìrọ̀rí mi fún oṣù mẹ́ta àti ọ̀sẹ̀ méjì. Ní gbogbo ọjọ́ Àìkú tí mo fi ní kí ó ṣáà máa bá mi gbàdúrà, ṣe ni mo ń ti abọ́ oúnjẹ kúrò níwájú ìyá mi.

Mo ní kí Dúpẹ́ gbé fóònù sí i létí.

"Iye, okun o."

"Okun." Ohùn rẹ̀ kéré. "Ta ló ní kí wọ́n dà ọ́ láàmú lẹ́nu iṣẹ́? Ara mi le."

"Iye, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹun."

"Oòrùn kò tíì wọ̀."

"Iye, Ọlọ́run ti ṣe é."

Mo ń gbọ́ ohùn àwọn nọ́ọ̀sì lẹ́yìn.

"Kí lo wí?"

"Wọ́n ti gbà mí. Wọ́n ti dúró fún mi. Lẹ́tà wà lọ́wọ́ mi."

Iye kọ́kọ́ pe Ọlọ́run. Ó pè É ní gbogbo orúkọ tí mo mọ̀ àti èyí tí n kò mọ̀, débi pé mo gbọ́ tí nọ́ọ̀sì ń sọ pé kí Màmá fara balẹ̀, abẹ́rẹ́ wà lọ́wọ́ wọn. Lẹ́yìn náà ó bi mí pé, "Lónìí ni?"

Ìbá rọrùn fún mi láti sọ pé lónìí ni. N kò lè sọ ọ́.

"Ó ti di oṣù mẹ́ta, Iye. Ó lé."

"Oṣù mẹ́ta. Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. O fẹ́ sọ mí di aláìmoore lójú Ọlọ́run? Mo ń bẹ̀ Ẹ́ fún ohun tó ti fún mi?"

"Ẹ má bínú, Iye. Ẹ̀rù ló bà mí."

"Ẹ̀rù ta?"

"Ẹ̀rù ayé."

"Ṣé èmi ni ayé?"

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Mo sunkún lójú gbogbo ènìyàn, nínú aṣọ iṣẹ́ mi. Ṣílà jáde wá, ó dúró tì mí.

"Dákẹ́," Iye wí nígbà tó yá, ohùn rẹ̀ ti rọ̀. "Bí o bá sọ fún mi, tó wá bàjẹ́ ńkọ́? Ṣebí a ó jọ sunkún rẹ̀ ni. Èmi náà jẹ̀bi. Mo ṣèlérí fún yín pé n ó máa jẹun láàárọ̀, mo sì yẹ̀ ẹ́." Mo gbọ́ tó yí ẹnu kúrò lórí fóònù. "Dúpẹ́, gbé ògì yẹn wá."

Wọn kò pa fóònù. Mo gbọ́ ìró ṣíbí lára abọ́, mo gbọ́ tí Iye ń ráhùn pé ògì náà kò ní kíkan, mo gbọ́ tí Dúpẹ́ ń rẹ́rìn-ín tó ń sunkún pọ̀. N kò tíì gbọ́ ohun tó dùn tó bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí mo ti kúrò nílé.

Mo ti ronú sí i gan-an láti ìgbà náà. Olúwa kọ́ wa pé bí a bá ń gbààwẹ̀, kí a má ṣe fi han àwọn ènìyàn. Iye gbọ́ èyí, ó sì fi ààwẹ̀ tirẹ̀ pamọ́ fún àwọn ọmọ rẹ̀, títí tó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á. Ṣùgbọ́n kò sí ibi tí wọ́n ti kọ́ mi pé kí n fi ìdáhùn pamọ́. Ẹ̀rù ló kọ́ mi ní ìyẹn. Mo gbé ẹ̀rù náà láti ilé, mo sì rò pé ọgbọ́n ni.

Àlùfáà wọn wá bá Iye nílé. Ó sọ fún un tìfẹ́tìfẹ́ pé Ọlọ́run kò bá aláìsàn ṣe àdéhùn ebi, pé kó wá nǹkan mìíràn tó ṣòro fún un láti fi sílẹ̀. Iye ronú fún ọjọ́ méjì. Ó ní lọ́jọ́ Jímọ̀, òun kò ní sọ ohunkóhun nípa ewúrẹ́ Ìyá Ràmátù tó ń jẹ ẹ̀fọ́ òun. Dúpẹ́ ní ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀ àkọ́kọ́, bí oòrùn ti ń wọ̀ báyìí, Iye ti dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń pe ewúrẹ́ náà lórúkọ gbogbo. Iye fúnra rẹ̀ sọ fún mi pé ààwẹ̀ ẹnu le ju ti ikùn lọ.

Ìwé ìjọba dé nígbẹ̀yìn. Mo ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí Iye kí n tó kà á tán.

Èyí tó wá kù ni bí mo ṣe ń sọ nǹkan fún un nísinsìnyí. Ó ti di òfin láàárín wa: ohunkóhun tó bá bẹ̀rẹ̀, kí n sọ ọ́ ní tútù, bí kò tilẹ̀ tíì jinná. Ẹ̀rù ṣì máa ń bà mí. Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, ọ̀rọ̀ kan wà lọ́fun mi, mo gbé e mì lẹ́ẹ̀mejì. Ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ṣáájú, ọkùnrin kan gbọ́ tí mo ń fi fóònù kí Dúpẹ́ níwájú ìjọ wa, ó sì yí padà, ó ní, "Okun o." Ẹni rere ni. A ti jọ mu tíì lẹ́ẹ̀mẹta.

"Iye," mo ní, "nǹkan kan wà. Kò tíì sí nǹkan kan o. Ó lè má já sí nǹkan kan. Ọkùnrin ará Ìsánlú kan ni."

Mo gbọ́ tó fa àga, tó sì jókòó.

"Ará Ìsánlú. Ọmọ ta ni níbẹ̀?"

"N kò tíì bi í, Iye."

"Tò," ó wí. "Dúró ná. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹun, kí n tó gbàdúrà sí i."